Wọ́n ti sàmì fún mi ní kékeré, ìjọ ọkọ mi ní kí n wá tẹ̀bọmi

ỌmọKúdẹtì (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù méjì, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Áńgílíkà ni wá nílé wa. Kúdẹtì ni wọ́n ti sàmì fún bàbá bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti sàmì fún bàbá mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sàmì fún èmi. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ohun tí Kúdẹtì jẹ́: ibẹ̀ ni Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853 nígbà tí wọ́n gbé ìyìn rere wọ ìlú yìí. Bàbá mi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mọ́kànlélógún. Bíbélì bàbá àgbà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, èyí tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Ní ojú ewé òfìfo tó wà níwájú, bàbá àgbà fi yíǹkì búlúù kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé náà: ọjọ́ ìbí lápá òsì, ọjọ́ ìsàmì lápá ọ̀tún. Nígbà tí bàbá àgbà kú, bàbá mi ń bá kíkọ náà lọ. Èmi náà wà níbẹ̀: oṣù kẹta 1991, oṣù karùn-ún 1991. Orúkọ ìsàmì mi ni Hannah. Bàbá mi sọ fún mi pé nítorí Àfàlá ìyá Crowther ni, tí wọ́n sàmì fún l'Abẹ́òkúta ní 1848, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, lẹ́yìn tí ogun ti ya òun àti ọmọ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Mo fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi láti ìran dé ìran. Kúdẹtì la ti ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn mo tẹ̀lé e lọ sí ìjọ rẹ̀, bí ìyàwó ṣe máa ń tẹ̀lé ọkọ. Ọdún kẹta rèé. Wọ́n fẹ́ràn mi níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ ọmọ ìjọ ní kíkún, mi ò sì lè wọ ẹgbẹ́ akọrin, àfi tí mo bá wọ kíláàsì kí n sì tẹ̀bọmi. Pásítọ̀ bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn kò ka omi tí wọ́n dà sí ọmọ oṣù méjì lórí sí ìtẹ̀bọmi.

Omi kọ́ ni mo ń sá fún o. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, tí mo bá wọ inú omi yẹn, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ fún bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, pé òfo ni ohun tó ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn? Ta ló ti bá irú rẹ̀ pàdé?


BàbáDíákónì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé o béèrè kí o tó ṣe é. Díákónì ni mí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ. Lójú tiwa, kò sí pé o ń tún nǹkan kan ṣe. Orúkọ tí à ń pè é ti sọ ọ́: wọ́n tẹ ènìyàn bọ omi. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà nì, òun àti Fílípì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi ni. Ohun tí Bowen mú wá láti Amẹ́ríkà ní 1850 nìyẹn, òun náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn pásítọ̀ wa nílé ẹ̀kọ́ tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898. Tún wo Àfàlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá àgbà ni lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Crowther alára, ọ̀dọ́kùnrin tó ti mọ ohun tó ń ṣe ni ní 1825 tí wọ́n sàmì fún un ní Sàró.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ilé mi. Ọmọ ìjọ Elétò (Methodist) ni ìyàwó mi nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ó ní òun kò ní tẹ̀bọmi, wọ́n ti sàmì fún òun. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Èmi sì ni mo ń gbé àwo náà. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa gbé àwo dé ìlà tó jókòó sí, á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, á gbé e fún ẹni tó wà lápá òsì, kò ní wo ojú mi. Mi ò bá a jà. Ní ọdún kejìlá ó wọ kíláàsì láìsọ fún mi, ìgbà tí wọ́n ń ka orúkọ ni mo gbọ́ tirẹ̀. Títí di òní mi ò bi í ní ohun tó yí i lọ́kàn padà.

Nítorí náà, má ṣe é nítorí ọkọ rẹ, má sì ṣe é nítorí akọrin. Ọdún mọ́kànlá kò pa ẹnikẹ́ni nílé mi.


PópóÀgùdà (Èkó)

Bàbá Díákónì, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pé ohun tí bàbá arábìnrin yìí ṣe kò tíì ṣẹlẹ̀.

Àgùdà ni wá. Àwọn bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Bàhíà tí wọ́n sì padà wá s'Èkó, ìdí tí wọ́n fi ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà nìyẹn. Kí àlùfáà tó wá gbé láàrin wọn, ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Wọn kò ní ìjọ tó fìdí múlẹ̀, wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù nítòsí, wọ́n sì di ìgbàgbọ́ mú. Ohun tí òbí bá fún ọmọ, mo máa ń rò ó dáadáa kí n tó fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Áńgílíkà láti Ìjẹ̀bú ni ìyàwó mi. Ìgbà tó fẹ́ wọ ìjọ wa, àlùfáà ní kó mú káàdì ìsàmì rẹ̀ wá. Ó wò ó, ó ní, "Omi ni wọ́n lò, ní orúkọ Bàbá àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ó ti tó." Wọn kò da ẹ̀kán omi kan sí i lórí mọ́. Éfésù orí kẹrin ní baptismu kan. Onítúbú ará ìlú Fílípì ńkọ́? Òun àti gbogbo àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n baptisi lóru ọjọ́ kan náà. Ṣé kò sí ọmọ ọwọ́ kan nínú ilé náà ni?


BàbáDíákónì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi PópóÀgùdà, ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní Pọ́ọ̀lù sọ ọ̀rọ̀ Olúwa fún gbogbo àwọn tó wà nílé onítúbú náà, wọ́n tún ní gbogbo ilé rẹ̀ bá a yọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì yọ̀, ó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́.


ÌyáIjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fà yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn kiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ ní St Saviour's, wọ́n ń gbàdúrà, Joseph Shadare wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò tọ̀nà kí á máa sàmì fún ọmọ ọwọ́, wọ́n ní àwọn kò lo oògùn mọ́. Ìjọ kò gbà fún wọn. Ní 1922 wọ́n kó jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò CAC (Christ Apostolic Church) tiwa ti hù. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìsàmì ọmọdé ti ń tú ilé ká.

Áńgílíkà ni ìyá ìyá mi. Nígbà tí wòlíì Babalola wàásù l'Ókè-Ooye ní 1930, tí ayé ń wọ́ wá s'Íléṣà láti ibi gbogbo, màmá àgbà pọn ọmọ tí ibà ti gbé dè lọ síbẹ̀. Ó bu omi ìyè fún un mu. Kò padà sí ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún un mọ́ láéláé. Ọmọ tó pọ̀n lọ yẹn ni ìyá mi.

Èmi ní tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n rì mí bọ odò, ní ìdájí. Omi náà tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Pásítọ̀ bi mí ní orúkọ mi, mi ò lè la ẹnu. Màmá àgbà ló dáhùn fún mi láti etí odò. Bàbá Díákónì, ẹ bá mi rò ó: èmi tí mo ti dàgbà, tí mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́ ní kíláàsì, lọ́jọ́ náà gan-an, àgbà ilé mi ló ya ẹnu fún mi. Mi ò fi ìyẹn sọ pé ẹ̀kọ́ yín kò tọ̀nà, òun náà ni ẹ̀kọ́ tiwa. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọmọ Kúdẹtì, ẹni tó kọ́kọ́ gba ìsàmì nílé yín, ó fi ohun tí bàbá tirẹ̀ ń bọ sílẹ̀ ni. Bàbá tirẹ̀ náà lè ti ní òfo ni ọmọ yìí sọ mí dà. Kò sí ilé Onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá tí ẹnì kan kò ti bí bàbá rẹ̀ nínú kí ìgbàgbọ́ tó wọ ibẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti bímọ?


SùtánàFunfun (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe é sọ. Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin ni mo wà, Yorùbá ni a ń sọ nílé wa. Ìjọ Elétò ni bàbá mi. Wọ́n sàmì fún mi kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo pé ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó wọ Sẹ́lẹ́, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, wọ́n sì rì mí bọ omi. Mi ò kábàámọ̀. Oshoffa tí Ọlọ́run lò láti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1947, ìdílé Elétò ló ti jáde, nínú ìlú wa níbí, gbẹ́nàgbẹ́nà ni.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Omi kọ́ ló bí i nínú, bàtà ni. A kì í wọ bàtà tí a bá wọ sùtánà, mo sì ń fi ẹsẹ̀ lásán gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun fi gbogbo ayé òun ṣiṣẹ́ kí ọmọ òun lè wọ bàtà. A parí ìjà kó tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìjọ Elétò ló sin ín. Mo lọ bá olùṣọ́ ìjọ wa, mo ní mo fẹ́ wọ kóòtù àti bàtà lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá mi, mo fẹ́ jókòó sáàárín àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ. Mo ra bàtà dúdú tuntun. Ó wà nínú páálí rẹ̀ títí di òní, mi ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Arábìnrin, ẹ lè wọ omi kí ẹ sì bu ọlá fún bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ohun tí ẹ máa fi hàn án, ẹ má jẹ́ kó máa fojú inú wá a.


Àrẹ̀mú (Peckham)

Àbúrò mi, Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ìlú Mósè Orímóládé. Nínú aṣọ funfun ni mo dàgbà, ìyá mi ti wà nínú Kérúbù àti Séráfù kó tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ s'Èkó, ó wọ ìjọ kan níbẹ̀ tí oníwàásù ti sọ fún wọn pé ìdè ni aṣọ àdúrà, pé ẹni tí wọ́n bá tọ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iná sí i kó tó lè bọ́. Ó gba ilé wá. Ó kó sùtánà ìyá mi jáde láti inú àpótí, méje ni, ó kó wọn sẹ́yìnkùlé, ó da kẹrosíìnì sí wọn. Ìyá mi jókòó sórí ìjókòó ìdáná, ó ń wò ó. Kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n lè fi sin òun. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi sílẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà la sin ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra aṣọ funfun tí wọ́n fi rán tuntun. Ó fúnra rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ó dúró tì í títí wọ́n fi rán an tán.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. Akindayomi tó dá Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952, inú Kérúbù ló ti jáde. Èmi náà, ìjọ Áńgílíkà tó wà ní ìkángun òpópónà wa ni mo ń kó àwọn ọmọ mi lọ nílùú ọba níbí. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ìjọ tó bá ní àfi kí o kọ́kọ́ tàbùkù ilé tí o ti wá kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé. Bi pásítọ̀ rẹ ní ìbéèrè kan: lọ́jọ́ tí mo bá jáde kúrò nínú omi, kí ni ẹ máa sọ nípa bàbá mi níwájú ìjọ? Bó bá ní òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí bàbá rẹ, ọkàn rẹ lè balẹ̀. Bó bá ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òkùnkùn, jókòó sáyè rẹ.


ỌmọJésùNìkan

Ìjọ kò gba ẹnikẹ́ni là. Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Sẹ́lẹ́, orúkọ lásán ni gbogbo rẹ̀. Kí arábìnrin wọ omi, kí ó máa bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ. Mi ò rí ohun tó gùn nínú ọ̀rọ̀ yìí.


ÌyáIjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Òótọ́ ni, ìjọ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò tó. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó àga dé, orúkọ ìjọ wà lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa pín ara wọn, méjì méjì ló ń sùn tì mí lóru títí ọjọ́ fi pé mẹ́jọ. Wọ́n mọ orin tó fẹ́ràn, wọn kò bi mí. Ẹni tó bá ní kí ènìyàn bọ́ ìyẹn sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, ó jọ pé ọ̀fọ̀ kò tíì ṣẹ̀ ẹ́ rí, Ọlọ́run má sì jẹ́ kó tètè ṣẹ̀ ẹ́.


ỌmọKúdẹtì (Ìbàdàn)

Mo ka gbogbo rẹ̀, omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibi aṣọ ìyá Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

Ìyá Ijẹ̀ṣà, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí, mi ò sọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé. Ọmọbìnrin ni, ó pé oṣù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi ń pè mí. Á béèrè àlàáfíà ọmọ, á béèrè bóyá ó ń sùn, á wá ní, "Ìgbà wo lẹ ń gbé e bọ̀ fún ìsàmì? Mo ti bá vika sọ̀rọ̀ o." Ọkọ mi kì í ṣe oníwàhálà. Ó ní kí á gbé ọmọ lọ fún Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí omi dúró dìgbà tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ti ra aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Tí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀, mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Tí ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀, mo tún gbà pé òótọ́ ni.

Àbúrò bàbá mi kan wá gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọkọ mi bá wà níbi iṣẹ́, kí n gbé ọmọ lọ, kí wọ́n sàmì fún un wéré, kí ọkàn bàbá mi balẹ̀. Ó ní ọkọ mi kò ní mọ̀. Èyí gan-an ló mú mi kọ̀wé síbí, nítorí mo ti ń rò ó.


ỌmọÀgbádárìgì

Arábìnrin mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Elétò ni mí, ọmọ ìlú tí Freeman, oníwàásù Elétò, gúnlẹ̀ sí ní 1842, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere lábẹ́ igi Àgíyà. Nínú ìsàmì ọmọdé ni mo dàgbà, mo sì gbà á gbọ́. Ìjọ tí ìyàwó mi ti wá kì í sàmì fún ọmọ ọwọ́. A fẹnu kò pé a máa dúró. Ọjọ́rú kan, ìyá mi ní òun fẹ́ gbé ọmọ wa ọkùnrin lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e bọ̀, ó sùn dáadáa.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìyàwó mi ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì ìyá mi, ó rí káàdì ìsàmì, orúkọ ọmọ wa lára rẹ̀, pẹ̀lú déètì Ọjọ́rú yẹn. Ó mú un wá bá mi nínú yàrá. Kò sọ̀rọ̀ ìsàmì rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ gbà." Láti ọjọ́ náà, kò fi ìyá mi àti ọmọ nìkan sílẹ̀ mọ́. Tí ìyá mi bá gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, á dìde. Ọdún mẹ́fà ló fi rí bẹ́ẹ̀ kí ìyá mi tó kú, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́dún tó kọjá ó bi wá bóyá wọ́n ti sàmì fún òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi ní rárá, lẹ́ẹ̀kan náà.


PópóÀgùdà (Èkó)

Èmi tí mo gba ìsàmì ọmọdé gbọ́ tọkàntọkàn ni mo ń sọ èyí: ohun mímọ́ tí a bá jí ṣe, olè ni a ti fi kún un. Bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bàbá Díákónì, lórí èyí, mo wà lẹ́yìn yín.


BàbáDíákónì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, inú mi dùn pé o sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ará sì ti sọ èyí tó yẹ lórí ìmọ̀ràn burúkú yẹn.

Nǹkan méjì ni mo ní láti sọ. Ìkíní, tí a bá ń gbé ọmọ fún Olúwa nínú ìjọ wa, àdúrà ni, ìlérí òbí ni, kò sí omi níbẹ̀. Ẹni tó máa gbé ọmọ dání lọ sí iwájú kò ní láti jẹ́ Onítẹ̀bọmi. Mo ti rí bàbá àgbà tó jẹ́ Mùsùlùmí tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá síwájú nínú ìjọ wa, tí pásítọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, ìwọ ni bàbá rẹ ń pè ní Sátidé, ìwọ lò ń dáhùn, ìwọ lò ń purọ́ pé ẹ máa wá. Ẹrù yìí kì í ṣe tìrẹ láti dá rù. Kí ọkọ rẹ lọ. Kó má fi fóònù sọ ọ́, kó má sì ránṣẹ́. Àna rẹ̀ ni, kó lọ dọ̀bálẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbàgbọ́ àti ìdí tó fi gbà á gbọ́. Tí kò bá lè sọ ọ́ lójú bàbá rẹ, kò yẹ kó ní kí ìwọ máa bá òun gbé e.


ỌmọKúdẹtì (Ìbàdàn)

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má bínú.

Ti èmi fúnra mi kò tíì yanjú. Mo bi pásítọ̀ ní ìbéèrè tí Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú kọ́ mi. Ó dákẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ gbàdúrà sí i. Ó wù mí pé kò yára dáhùn. Mo sọ fún un pé mo máa wọ kíláàsì, mi ò sì ṣèlérí omi. Tí àwo bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa gbé e kọjá bí ìyàwó Bàbá Díákónì.

Sátidé tó kọjá, a gbé ọmọ lọ sílé wa. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Díákónì fún ọkọ mi, ó ní òótọ́ ni, ojú ń ti òun. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá mi kò sì tètè ní kó dìde. Ó sọ ọ́ láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ pé àwọn kò ní sàmì fún ọmọ, ohun tí òun gbàgbọ́ ló fà á, kì í ṣe pé òun fojú tín-ín-rín ohun tí bàbá ṣe fún mi. Ó ní ẹni tí àwọn fẹ́ kó gbé ọmọ lọ síwájú lọ́jọ́ náà ni bàbá.

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Tó bá dàgbà tó ní òun kò ṣe ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà."

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi dìde, ó wọ yàrá, mo rò pé ó ti bínú lọ. Ó gbé Bíbélì bàbá àgbà jáde. Ó ní kí n bá òun wá gíláàsì ojú òun. Ó ṣí ojú ewé náà sórí itan, ó kọ orúkọ ọmọ mi sábẹ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bí kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó kọ ọjọ́ ìbí lápá òsì. Ó fi rúlà fa ìlà sáàárín bí bàbá àgbà ṣe máa ń fà á. Ó gbé bírò dúró lápá ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀, ó wá dé e. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó fẹ́ yíǹkì náà kó lè gbẹ, ó sì pa Bíbélì dé.


BàbáDíákónì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, kí ni orúkọ ọmọ náà, kí èmi àti ìyàwó mi lè máa fi orúkọ pè é níwájú Ọlọ́run?


ỌmọKúdẹtì (Ìbàdàn)

Ìfẹ́olúwa ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Bàbá. A kò tíì ní oríkì fún un tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ló fún un lọ́jọ́ náà, nígbà tí a fẹ́ máa lọ, tó gbà á lọ́wọ́ mi kó lè sìn wá dé ibi ọkọ̀. Àjọkẹ́ ló pè é.